Kí làwọn èèyàn ń tẹ̀ sórí Google kí wọ́n tó dé sáìtì yín?

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ lemọ́lemọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Wọ́n á ní, "Mo ti ṣe sáìtì, ó rẹwà, mo ti kó gbogbo nǹkan tó yẹ sínú ẹ̀, àmọ́ mi ò réèyàn kó wá." Tí wọ́n bá wá gbé e tọ àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun lọ, àwọn yẹn á da gẹ̀ẹ́sì bò wọ́n, SEO, kíwọ́ọ̀dù, search intent, audience, ẹni tó wá béèrè á kàn máa mirí bí alángbá, á sanwó, á padà sílé, kò sì ní mọ nǹkan tó sanwó fún.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ẹni tó ń wá nǹkan ní ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀, ẹni tó ni sáìtì ní ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọra rárá, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan náà làwọn méjèèjì ń sọ. Àárín ọ̀rọ̀ méjì yẹn làwọn tó yẹ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ yín ń sọnù sí.

## Àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú wọn wò. Search engine ni ẹ̀rọ tó ń báni wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Google ni gbogbo wa mọ̀ jù, àmọ́ Bing wà, DuckDuckGo wà, àwọn ará Rọ́ṣíà ní Yandex, àwọn ará Ṣáínà ní Baidu. Kíwọ́ọ̀dù ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ sínú àpótí tó wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ì báà jẹ́ gbólóhùn gígùn. SEO ni gbogbo iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe sórí sáìtì ẹ̀ kí ẹ̀rọ yẹn lè rí i, kó lóye ẹ̀, kó sì gbé e síwájú ẹni tó ń wá irú ẹ̀. Kò jùyẹn lọ.

Èyí tó kù ni audience, ìyẹn àwọn tẹ́ ẹ̀ ń kọ nǹkan fún, òun gan-an ló sì máa ń ṣòro jù, torí tẹ́ ẹ bá bi ẹni tó ni sáìtì pé ta ló ń kọ ọ́ fún, á ní "gbogbo èèyàn." Gbogbo èèyàn kẹ̀? Àwọn tó ń wá nǹkan tí ẹ ní, àmọ́ tí wọn ò tíì mọ̀ pé ọwọ́ yín ló wà, àwọn yẹn lẹ̀ ń kọ ọ́ fún. Tí wọn ò bá ju 200 lọ láàárín oṣù kan, 200 yẹn sàn fún yín ju 10,000 tó ṣèèṣì yà wọlé tí wọ́n sì jáde lójú ẹsẹ̀.

## Ṣé gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ni Google máa ń tú nígbà tá a bá tẹ nǹkan?

Rárá o. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ bá sùn kẹ́ ẹ jí kó tó dáhùn. Ẹ wo ìwé ńlá kan tó ní àtòkọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, èyí tí wọ́n fi ń tọ́ka pé ọ̀rọ̀ báyìí wà lójú ìwé 12, ó wà lójú ìwé 85, ó tún wà lójú ìwé 310. Ẹni tó bá fẹ́ wá nǹkan nínú ìwé yẹn ò ní kà á látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ló máa ṣí. Ohun tí Google náà ń ṣe nìyẹn. Ó ní róbọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Googlebot, kì í ṣe róbọ́ọ̀tì onírin o, ètò kọ̀ǹpútà lásán ni, tó ń ti orí línkì kan bọ́ sórí òmíì tọ̀sán-tòru, tó ń ka péèjì, tó sì ń kó ohun tó bá rí lọ sílé. Inú ohun tó kó wálé yẹn ni wọ́n ti ń ṣe àtòkọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀, àtòkọ yẹn ló ń wò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé péèjì tí Googlebot ò tíì dé, lójú Google kò sí láyé.

Kò sì tíì pẹ́ tá a débí. Lọ́dún 1990 tí Alan Emtage ṣe ẹ̀rọ ìṣàwárí kan tó ń jẹ́ Archie ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, orúkọ fáìlì nìkan nìyẹn lè báni wá, kò mọ ohun tó wà nínú fáìlì náà. Nígbà tí Yahoo bẹ̀rẹ̀ ní 1994, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń to sáìtì sábẹ́ ìsọ̀rí bí ẹni ń to ìwé sórí pẹpẹ. Ìgbà tí Larry Page àti Sergey Brin dá Google sílẹ̀ ní 1998 ni wọ́n fi ọgbọ́n kan yí gbogbo ẹ̀ padà: tí sáìtì míì bá fi línkì tọ́ka sí péèjì yín, wọ́n kà á sí ẹ̀rí, bí ìgbà tí ẹnì kan bá sọ pé "ẹ lọ bá lágbájá, ó mọṣẹ́," tó bá sì wá jẹ́ ẹni tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ẹ̀ á wúwo ju ti ẹni tẹ́nì kankan ò mọ̀ lọ. Ẹ̀rí yẹn ṣì wúlò dòní, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ń wò mọ́.

## Báwo lèèyàn ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ gan-an?

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé kíwọ́ọ̀dù dáa jùyẹn lọ. Ẹni tó dúró síwájú àpótí Google, ìṣòro ẹ̀ ló gbé wá, kò gbé orúkọ ojútùú wá, torí ká ní ó mọ orúkọ ojútùú ọ̀hún ni, bóyá kò tiẹ̀ ní wá rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe. Ó ṣe sáìtì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé "A ń ṣàtúnṣe gbogbo ìṣòro tó jẹ mọ́ charging port." Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ nìyẹn, tí àwọn akẹgbẹ́ ẹ̀ bá kà á wọ́n á ní ọ̀gá ni. Àmọ́ ẹni tí fóònù ẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lóru ò mọ ohun tó ń jẹ́ charging port, ìyẹn ihò tí wọ́n ń ki ṣáájà bọ̀. Ohun tó máa tẹ̀ ni "fóònù mi ò ṣáájì," tàbí "mo ki ṣáájà bọ̀ ọ́ kò gbé e," tàbí "ó ń sọ pé ó ń ṣáájì àmọ́ kò kún." Àwọn méjì yìí ń wá ara wọn lójú méjèèjì, wọ́n á sì kọjá lára ara wọn bí ẹni tí ò mọra rí.

Èèyàn kì í sì í tẹ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Ẹni tí mò ń sọ yìí á kọ́kọ́ tẹ "fóònù mi ò ṣáájì," á rí i pé èsì pọ̀ jù, á wá fi orúkọ irú fóònù tó ń lò kún un, níbi tó ti ń kà á ló ti máa rí i pé ìdọ̀tí lè ti dí ihò ibẹ̀, ló bá tẹ "bí wọ́n ṣe ń nu ihò ṣáájì láìba fóònù jẹ́," ó nù ún, kò ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn ló wá rántí pé omi kán sí i lánàá, ló bá tẹ "omi wọ fóònù kò ṣáájì mọ́," nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ti sú u, ó tẹ "ẹni tó ń tún fóònù ṣe nítòsí mi." Ẹnì kan náà, ìṣòro kan náà, ọ̀rọ̀ márùn-ún. Sáìtì tó bá ti bá a sọ̀rọ̀ gidi níbi ìkẹta tàbí ìkẹrin ló máa rántí tó bá di ìkarùn-ún. Ìkarùn-ún yẹn nìkan ni gbogbo àwọn tó ní sáìtì ń lé, wọ́n wá ń ta ara wọn nípàá níbẹ̀.

Oríṣiríṣi ọ̀nà tí èèyàn ń gbà tẹ nǹkan kan náà pọ̀ kọjá ohun tẹ́nikẹ́ni lè kà tán. Google fúnra wọn ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé nínú 100 ìbéèrè tó ń wọlé lójúmọ́, nǹkan bí 15 ló jẹ́ èyí tí wọn ò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ rò ó wò ná, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n sì gbé àtòkọ kan síta nígbà kan tó fi bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣi orúkọ olórin Amẹ́ríkà nì, Britney Spears, tẹ̀ hàn láàárín oṣù mẹ́ta, ó ju oríṣi 500 lọ! Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo o. Tó bá wá jẹ́ èdè tó ní àmì lórí tó ní lábẹ́ bí i Yorùbá tiwa, ọ̀pọ̀ ló máa tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì kankan, torí ẹni tí nǹkan ń ká lára ò ráyè àmì. Ẹ má tìtorí ìyẹn kọ péèjì yín ní ìkọkúkọ o, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó mọ̀ ọ́n dáadáa láwọn èdè tó ní ìwé rẹpẹtẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láwọn èdè tó kù ó ṣì máa ń kọsẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ bí ohun tí èèyàn ń tẹ̀ ṣe súnmọ́ inú ẹ̀ tó, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní August 2006. Iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ AOL kó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù ìbéèrè tí nǹkan bí 650,000 èèyàn tẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta síta fáwọn olùṣèwádìí. Wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n fi nọ́ńbà rọ́pò, wọ́n rò pé ìyẹn ti tó. Kò pẹ́ rárá táwọn akọ̀ròyìn New York Times fi ka ohun tí nọ́ńbà kan ti tẹ̀, wọ́n tò ó pọ̀, wọ́n sì tọpa ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. AOL sáré yọ fáìlì náà, àmọ́ ó ti bọ́ sọ́wọ́ aráyé. Ohun tí èèyàn ò ní lè sọ létí ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún àpótí yẹn láìfi bò, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn fi wá ọ̀dọ̀ yín, ẹ fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un.

## Ọ̀rọ̀ lè jọra, kí ìdí ẹ̀ má jọra

Èyí ni wọ́n ń pè ní search intent: kí ló dé tẹ́ni yìí fi tẹ ohun tó tẹ̀? Lọ́dún 2002, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Andrei Broder pín in sí mẹ́ta, ìpín yẹn làwọn èèyàn ṣì ń lò. Ó ní ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀, yálà ó ń lọ síbì kan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí ó fẹ́ mọ nǹkan, tàbí ó fẹ́ ṣe nǹkan, bí i kó ra ọjà, kó daunlóòdù, kó forúkọ sílẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ yẹn máa ń ya àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ àdírẹ́sì sáìtì, wọ́n á tẹ "facebook" sínú Google, wọ́n á kílíìkì ohun tó bá kọ́kọ́ jáde, ó parí. Ní February 2010, sáìtì ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ ReadWriteWeb kọ ìròyìn nípa bí Facebook ṣe fẹ́ káwọn èèyàn máa fi òun wọlé sórí àwọn sáìtì míì, ni ìròyìn yẹn bá bọ́ sókè téńté lórí Google fáwọn tó ń tẹ "facebook login." Ni èrò bá ya dé! Wọ́n kílíìkì ohun tó wà lókè bí ìṣe wọn, wọ́n bá ara wọn níbi tí wọn ò dé rí, wọ́n rò pé Facebook ló paṣọ dà, ni wọ́n bá ń bínú pé kí wọ́n dá Facebook ti tẹ́lẹ̀ padà fáwọn, pé ibo làwọn máa gbà wọlé báyìí. Àwọn oníròyìn náà ní láti kọ ọ́ gàdàgbà sáàárín ìròyìn wọn pé ibí kọ́ ni Facebook. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an nígbà yẹn, wọ́n ní àwọn tó ṣìnà yẹn ò gbọ́n. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́ náà ni wọ́n ṣe, Google ló mú wọn gba ibòmíì. Ẹ sì wo sáìtì yẹn o, ipò kìíní ló wà, èrò pọ̀ bí eṣú, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ tó wá nítorí ohun tí wọ́n kọ.

Ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan àti ẹni tó fẹ́ rà, àwọn yẹn ló máa ń ṣòroó yà sọ́tọ̀. Ẹni tó tẹ "bàtà ìsáré" lè fẹ́ rà. Ẹni tó tẹ "bàtà ìsáré wo ló dáa fẹ́ni tí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ" ṣì ń ronú, ó máa rà àmọ́ kì í ṣe lónìí. Ẹni tó tẹ "ṣé bàtà ìsáré ṣe é kó sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ" ti ní tiẹ̀ nílé, tẹ́ ẹ bá ń polówó bàtà fún un, ẹ̀ ń dà á láàmú ni.

Ọ̀nà tó yá jù láti mọ ìdí tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan ni kẹ́yin fúnra yín tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wo ohun tó jáde lójú ewé àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ àlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni gbogbo wọn, tí tiyín wá jẹ́ péèjì ọjà, ẹ má retí pé ẹ máa bá wọn jókòó síbẹ̀. Google ti rí ohun táwọn èèyàn ń fẹ́ níbẹ̀, ó ti wò ó fúngbà pípẹ́.

## Ṣé Google mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni, àbí lẹ́tà ló kàn ń kà?

Láyé àtijọ́, lẹ́tà ló ń kà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gbé yín sókè fún ọ̀rọ̀ kan, ẹ kàn máa kọ ọ̀rọ̀ yẹn ní àkọtúnkọ ni. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi lẹ́tà funfun kọ ọ́ sórí ojú ewé funfun, kí èèyàn má rí i kí ẹ̀rọ rí i. Èmi náà jẹ nínú ìyà yẹn. Mo sanwó fún ẹnì kan kó bá mi tún péèjì kan ṣe, nígbà tó gbé e padà, gbólóhùn kan náà ló wà níbẹ̀ láìmọye ìgbà, ó ń dún bí rẹ́kọ́ọ̀dù tó há, ojú ń ti èmi tí mo ni ín láti kà á. Àwọn tó wọlé náà sá jáde.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá. Ní 2009 ni Google ti sọ ọ́ ní gbangba pé ibi kan tí wọ́n ń pè ní meta keywords, táwọn èèyàn máa ń kó kíwọ́ọ̀dù pamọ́ sí lẹ́yìn péèjì, àwọn ò fi ṣe nǹkan kan tó bá di ká to èsì. Mo ṣì ń rí àwọn tó ń gbowó lórí ẹ̀ títí di báyìí o. Ní 2011 wọ́n gbé àtúnṣe kan jáde tó ń jẹ́ Panda, ó fi àwọn péèjì tí ò ní láárí gbolẹ̀. Hummingbird dé ní 2013, RankBrain ní 2015, BERT ní 2019, gbogbo wọn ló jẹ́ bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń kúrò lórí kíka lẹ́tà bọ́ sórí ohun tí èèyàn ní lọ́kàn.

BERT yẹn ni mo fẹ́ràn láti fi ṣàpẹẹrẹ. Nígbà tí Google kéde ẹ̀, wọ́n mú ọ̀rọ̀ ẹnì kan wá tó fi gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá arìnrìn-àjò láti Brazil tó ń lọ sí Amẹ́ríkà nílò físà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń lọ sí Brazil ló máa ń gbé jáde, torí Brazil wà níbẹ̀, Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, físà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré tó ń sọ ẹni tó ń lọ àti ibi tó forí lé ni kò kà sí. Ẹ ẹ̀ rí i pé ìdáhùn yẹn dorí kodò pátápátá. BERT ló jẹ́ kó máa fojú sí irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé ẹ ò nílò péèjì kan fún "fóònù ò ṣáájì," òmíì fún "fóònù ò gbaná," òmíì fún "fóònù kọ ṣáájà." Ìṣòro kan, péèjì kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó kù á bá ara wọn níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tì wọ́n wọlé.

## Níbo la ti máa rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀?

Ọ̀fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ kan sínú Google, ẹ má tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ wo ohun tó ń bá yín parí ẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń ronú ẹ̀, inú ohun táwọn èèyàn gidi ti tẹ̀ ló ti ń mú un. Ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ máa rí àwọn ìbéèrè míì táwọn èèyàn tún ń béèrè. Ẹ lè lo wákàtí kan níbẹ̀, ẹ sì máa jèrè ẹ̀.

Google Trends náà wà, òun máa ń fi hàn bóyá ọ̀rọ̀ kan ń gbilẹ̀ ni àbí ó ń kú lọ, látọdún 2004 títí di òní. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó máa ń tan èèyàn jẹ o. Nọ́ńbà 0 sí 100 tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ kì í ṣe iye èèyàn. 100 ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn gbóná jù láàárín àkókò tẹ́ ẹ yàn, 50 ni ìdajì ẹ̀. Ọ̀rọ̀ téèyàn díẹ̀ ń tẹ̀ lè ní 100 tiẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fẹ́ni tó ti ní sáìtì ni Google Search Console. Ẹ máa kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀yin lẹ ni sáìtì, lẹ́yìn náà á máa fi ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ tí péèjì yín fi yọjú hàn yín, iye ìgbà tó yọjú, iye ìgbà tí wọ́n kílíìkì ẹ̀, àti ipò tó wà, ó máa ń tó oṣù 16 sẹ́yìn. Kì í fi gbogbo ẹ̀ hàn, èyí téèyàn perete tẹ̀ ó máa ń fi pamọ́ nítorí àṣírí wọn, lẹ́yìn ohun tójú AOL rí, mi ò bá wọn wí. Ibi tó yẹ kójú yín kọ́kọ́ lọ ni ọ̀rọ̀ tí péèjì yín yọjú fún lọ́pọ̀ ìgbà àmọ́ tí wọn ò kílíìkì ẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n rí yín, wọn ò yà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àkọlé yín ni ò sọ ohun tí wọ́n ń wá.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kọ péèjì kan tí mo pè ní "Ìṣàkóso àyè ìpamọ́ lórí fóònù," ó dùn mọ́ mi nínú, mo rò pé mo ti kọ Yorùbá tó jiná. Nígbà tí mo wo Search Console, "fóònù mi ní kò sí àyè mọ́" làwọn èèyàn ń tẹ̀. Mo yí àkọlé yẹn sí ọ̀rọ̀ tiwọn gan-an, mo sì gbé ìdáhùn wá sókè kúrò nísàlẹ̀ tí mo fi í sí. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí mo fi rí ìyàtọ̀.

Àmọ́ kí n sọ òótọ́, ibi tí mo ti ń rí ọ̀rọ̀ tó dáa jù ò sí lọ́wọ́ Google. Mẹ́sééjì táwọn èèyàn ń kọ sí yín, ìbéèrè tí wọ́n ń bi yín lórí fóònù, ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí tó wà lórí sáìtì yín fúnra ẹ̀. Ẹ má tún un kọ, ẹ dà á kọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

## Tá a bá ti rí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ńkọ́?

Kò pọ̀. Ẹ fi sínú àkọlé, ẹ dáhùn ẹ̀ láàárín gbólóhùn méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó máa ṣàlàyé. Bí péèjì ṣe rí lórí fóònù ni Google ń wò báyìí kó tó tò ó, nítorí náà ẹ fi fóònù wo tiyín, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ńlá tẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Ẹ sì ní sùúrù. Ẹnì kan láti Google ti sọ ọ́ rí pé iṣẹ́ yìí sábà máa ń gbà tó oṣù mẹ́rin sí ọdún kan kéèyàn tó rí èrè ẹ̀.

## Àwọn tó ń ṣèlérí ipò kìíní

Tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé òun máa gbé yín sí ipò kìíní lórí Google, ó dájú, ẹ sá. Google fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò tẹ̀ rí ni wọ́n máa gbé yín síwájú fún, irú bí orúkọ iléeṣẹ́ yín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ márùn-ún míì lẹ́yìn ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ìpolówó ni wọ́n máa rà, àwọn èsì tí wọ́n máa ń kọ ọ́ sí lára pé owó ni wọ́n san. Ìpolówó ò burú, àmọ́ ọjọ́ tówó bá tán lẹ máa pòórá níbẹ̀, owó ìpolówó ò sì ń gbé èsì tí kì í ṣe ìpolówó sókè.

## AI ti dé, ṣé èèyàn ṣì ń kílíìkì?

Láti May 2024 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdáhùn tí AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ bí èèyàn, kọ sókè èsì ní Amẹ́ríkà, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹlòmíì á ka ìyẹn, á bá tiẹ̀ lọ, kò ní kílíìkì nǹkan kan. Èmi rò pé péèjì tó kàn ń sọ ohun tó wà níbi gbogbo ló máa fara gbá a jù, bí i "kí ni ìtumọ̀ báyìí," "ọdún wo ni báyìí ṣẹlẹ̀." Ẹni tó ti ṣe nǹkan náà rí, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é, tó sì ya fọ́tò ẹ̀, ìyẹn ní nǹkan tí ẹ̀rọ ò ní.

Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà béèrè nǹkan náà sì ti ń yí padà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀rọ ti ń gbọ́ èdè èèyàn, wọn ò gé ọ̀rọ̀ kúrú mọ́, ńṣe ni wọ́n ń rojọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wo àpótí ìṣàwárí sáìtì mi, ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ láìsí àmì, láìsí ìdánudúró: "mo ti pa app rẹ mo ti pa fidio rẹ o si n so pe ko si aye ki ni ki n se mi o fe ki foto omo mi lo." Mi ò ní péèjì tó dáhùn ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an ni mo fi ṣe àkọlé èyí tí mò ń kọ lọ́wọ́ báyìí.